Òrí, Ọyẹ́ àti Ìdí Èékánná

Kí ìpara inú ìgò tó dé ọjà, òrí ni àwọn ìyá àgbà ń fi pa ìdí èékánná tí ọyẹ́ bá ti mú kí awọ ibẹ̀ gbẹ, tó sì ń ṣí.

Igi ẹmi ló ń so èso tí a fi ń ṣe òrí, ó sì wọ́pọ̀ ní ọ̀dàn Ṣakí àti Kìṣí. Iṣẹ́ obìnrin ni òrí ṣíṣe, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ: wọ́n á ṣa èso náà, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi omi pò ó títí ọ̀rá á fi léfòó. Mungo Park, ará Scotland, rí òrí nílẹ̀ Bambara ní 1796. Ó ní ó dùn ju bọ́tà màlúù lọ!

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni ọkùnrin kan, Northam Warren, gbà tọ́jú ìdí èékánná ní 1911. Cutex tó ṣe nígbà náà jẹ́ oògùn olómi tí ń bó awọ ìdí èékánná kúrò láìlo abẹ. Àmọ́ awọ yìí gan-an ló ń dínà mọ́ kòkòrò àrùn.

Òrí kì í bó nǹkan kan. Ṣe ló ń sé omi mọ́ inú awọ. Ẹ rẹ ìka sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lálẹ́, ẹ nù ún, kí ẹ fi òrí bíńtín ra á.