Superman II: Fíìmù Kan, Olùdarí Méjì

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn á rántí ariwo tó sọ lórí Justice League. Zack Snyder ló bẹ̀rẹ̀ fíìmù yẹn. Ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀ ẹ́, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 2017, Joss Whedon bá a parí ẹ̀, àwọn olólùfẹ́ bá fárígá pé ohun tí àwọn rí ní sinimá kọ́ ni ohun tí àwọn ń retí. Wọ́n pariwo títí Warner Bros. fi gbé ti Snyder jáde ní oṣù Kẹta 2021, fíìmù oníwákàtí mẹ́rin gbáko. Ọ̀pọ̀ rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀. Rárá o. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ti bá irú ìjà bẹ́ẹ̀ pàdé rí, lórí Superman II, ó sì gba ọdún 25 kó tó yanjú. Bó bá tiẹ̀ yanjú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1977. Alexander Salkind, Ilya ọmọ rẹ̀, àti Pierre Spengler ni aṣagbátẹrù fíìmù Superman. Wọ́n gba Richard Donner, tó darí The Omen ní 1976, pé kó wá ya apá kìíní àti apá kejì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sídìí fíìmù àgbéléwò Yorùbá, ẹ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ya á, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa sanwó. Àwọn Salkind ti dá irú ẹ̀ rí. Wọ́n ya The Three Musketeers, wọ́n là á sí fíìmù méjì, àwọn òṣèré tó rò pé fíìmù kan ṣoṣo làwọn ṣe bá gbé wọn lọ sí kóòtù. Olùdarí ìyẹn ni Richard Lester. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Owó ń jáde, ọjọ́ ń lọ, Donner àtàwọn aṣagbátẹrù sì wá di ẹni tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Lester ni wọ́n mú wá ṣe alárinà. Nígbà tó yá, wọ́n dá apá kejì dúró kí apá kìíní lè rí bí yóò ṣe parí, àmọ́ Donner ti ya nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn. Superman jáde ní oṣù Kejìlá 1978, owó wọlé bí ẹni ń dà á. Ẹ ó rò pé wọ́n á sáré pe ọkùnrin náà padà. Tẹligíráàmù ló fi gbọ́ pé wọn ò nílò òun mọ́. Lester ló parí ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn fà. Marlon Brando ló ṣe Jor-El, bàbá Superman. Yàtọ̀ sí 3.7 mílíọ̀nù dọ́là tó gbà, ó tún ní ìpín nínú owó tó bá wọlé. Kí wọ́n má bàa tún pín owó fún un lórí apá kejì, wọ́n yọ gbogbo ìran tó wà kúrò, wọ́n fi Susannah York, tó ṣe ìyá, dípò rẹ̀. Gene Hackman, tó ṣe Lex Luthor, ò padà wá. Ibi tí wọ́n bá ti nílò rẹ̀, wọ́n á ya ẹlòmíì láti ẹ̀yìn, wọ́n á wá ẹni tó lè sín ohùn rẹ̀ jẹ. Kí orúkọ Lester sì tó lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí olùdarí, àfi kó ya apá tó pọ̀ nínú fíìmù náà fúnra rẹ̀, títí kan àwọn ìran tí Donner ti yà tẹ́lẹ̀.

Èmi tí mo ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ohun tí èyí ń rán mi létí ni iṣẹ́ tiwa. Tí èèyàn mẹ́wàá bá jọ kọ kọ́òdù kan, àṣẹ kan wà tí mo lè tẹ̀ tó máa fi ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn mí, tòun ti ọjọ́ tó kọ ọ́. Fíìmù ò ní irú ẹ̀. Orúkọ olùdarí kan ló máa jáde lójú sinimá, ó parí. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ Superman II wá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni pé wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe irú àṣẹ yẹn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn wù mí, ju ìjà ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ.

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ o: nígbà tí fíìmù náà jáde, ó dùn. Australia ló ti kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejìlá 1980, ó dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹfà 1981, ó sì pa ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là lọ níbẹ̀ nìkan. Terence Stamp tó ṣe Zod di ẹni tí wọ́n ń sín jẹ káàkiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá ń bú Lester lẹ́yìn náà ló ti pàtẹ́wọ́ fún un. Òótọ́ ni pé ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ jù. Níbi tí Zod àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti ń fẹ́ atẹ́gùn lu ará ìlú, ọkùnrin kan wà lórí fóònù tí ìjì gbé ṣubú tí kò sì dákẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó darí A Hard Day's Night fún àwọn Beatles, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ṣe.

Ojú àwọn olólùfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rí i pé irun Margot Kidder, tó ṣe Lois Lane, máa ń yàtọ̀ láti ìran kan sí òmíràn, ojú rẹ̀ á sì gbẹ lójijì. Ọdún 1977 nìhín-ín, 1979 lọ́hùn-ún. Wọ́n fura pé ibi tí ojú Hackman bá ti hàn, ọwọ́ Donner ni. Ní 1984, tẹlifíṣọ̀n ABC gbé fíìmù náà sáfẹ́fẹ́ tòun ti àwọn ìran tí kò sí ní sinimá. Àwọn èèyàn gbà á sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè míì ní àwọn ìran tiwọn, wọ́n gba ìyẹn náà, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n ń tò ó léra wọn. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú wọn gé kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, wọ́n so ó pọ̀ di fíìmù tiwọn.

Ohun tó ká wọn lára jù ni ti bàbá àti ọmọ, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Nínú ti Lester, Superman fi agbára rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Lois. Nígbà tí wọ́n lù ú bí aṣọ òfì nílé oúnjẹ, ó padà sínú ilé yìnyín rẹ̀, ó ń sunkún, ó rí òkúta aláwọ̀ ewé kan tó ń tàn. Ìgbà tí a ó tún fi rí i, agbára ti padà. Báwo? Ẹnikẹ́ni ò sọ. Nínú èyí tí Donner yà, Jor-El fara hàn. Bàbá yìí ti kú tipẹ́, agbára ìkẹyìn tó kù fún un ló fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kí ọmọ tó lè ní agbára padà, àfi kí bàbá ná ìyókù yẹn tán. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀, ó sì dákẹ́ láéláé. Ẹ rò ó wò: bàbá tó tún kú lẹ́ẹ̀kejì nítorí ọmọ. Ìlérí tí Jor-El ṣe ní apá kìíní, ibẹ̀ ló ti ṣẹ. Ìran yìí ni wọ́n gbé jù sínú àpótí nítorí owó.

Ẹ̀bẹ̀ àti lẹ́tà ò dá lọ́dọ̀ Warner Bros., ṣùgbọ́n owó Brando ṣì dí ọ̀nà. Brando kú ní oṣù Keje 2004. Nígbà tí Bryan Singer fẹ́ lo àwòrán rẹ̀ nínú Superman Returns, wọ́n bá àwọn tó ń bójú tó ogún rẹ̀ dọ́gba, ilẹ̀kùn bá ṣí. Michael Thau àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wá tú àpótí fíìmù tó ti wà nípamọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ yìí wá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2006, Superman II: The Richard Donner Cut jáde lórí DVD. Ẹni ọdún 76 ni Donner nígbà yẹn.

Ṣé inú àwọn olólùfẹ́ dùn? Àwọn kan sunkún ayọ̀ nígbà tí Brando yọjú. Àwọn míì wò ó tán, wọ́n họrí. Donner ò parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1978, nítorí náà ihò wà, àwòrán Lester ni wọ́n sì fi dí àwọn kan nínú ihò yẹn. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ kó kúrò ṣì wà níbẹ̀. Ìparí rẹ̀ wá burú jù: Superman yí ayé padà sẹ́yìn, ohun tó ṣe gan-an ní ìparí apá kìíní. Apá kejì ni wọ́n ti kọ ìparí yẹn fún tẹ́lẹ̀, wọ́n yá a lò fún apá kìíní, wọn ò sì rí àyè wá òmíràn dípò. Àwọn kan wá padà sídìí ti Lester, níbi tí ìfẹnukonu kan ti mú kí Lois gbàgbé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ìfẹnukonu yẹn di òní.

Ìran kan tún wà tí kò sẹ́ni tó yà á rí, yálà Donner tàbí Lester. Lois yìnbọn lu Clark nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní Niagara, Clark jẹ́wọ́ pé òun ni Superman, Lois wá rẹ́rìn-ín pé ọta kankan ò sí nínú ìbọn náà. Ìdánwò níwájú kámẹ́rà ni wọ́n rí, èyí tí Christopher Reeve àti Kidder ṣe nígbà tí wọ́n ń wá iṣẹ́ náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ti kálukú. Wọ́n rán an pọ̀ bí aṣọ òkè. Ẹ wò ó dáadáa, Reeve á tín-ín-rín níhìn-ín, á sanra lọ́hùn-ún, nítorí kò tíì gbé irin tó di Superman nígbà ìdánwò ti àkọ́kọ́. Reeve fúnra rẹ̀ ti kú ní oṣù Kẹwàá 2004, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi fíìmù náà rántí. Èèyàn tó pọ̀ nínú àwọn tó ra DVD yẹn ló sọ pé ìran yìí làwọn fẹ́ràn jù.