Dídì àti títú ìbéèrè LDAP

Dídì àti títú ìbéèrè LDAP ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan ń gbà sọ ìbéèrè di ọ̀wọ́ báìtì kí ó tó fi í ránṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà kejì sì ń gbà tú u padà. LDAP, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún jẹ́ Lightweight Directory Access Protocol, ni ìlànà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ ń lò láti wá orúkọ àti àdírẹ́sì nínú àkójọ kan. Tim Howes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan wà lára àwọn tí ó pilẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. RFC 4511 ti ọdún 2006 ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀.

Bí a ṣe ń dì í

Òfin BER ni a fi ń dì í. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà mẹ́ta: àmì irú tí ó jẹ́, iye báìtì rẹ̀, àti ohun náà gan-an. Nínú ònkà tí ó dúró lórí 16, 30 ni ó ń ṣí gbogbo ìbéèrè. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àmì iṣẹ́: 60 fún ìwọlé, 63 fún ìwákiri.

Orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ìbéèrè

Láti ìgbà ẹ̀dà kẹta, ní ọdún 1997, UTF-8 ni a fi ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, èyí sì fún Yorùbá láyè. Bí a bá ń wá àwọn tí ìlú wọn jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, (l=Ògbómọ̀ṣọ́) ni a ó kọ. Létà Yorùbá méje péré ni orúkọ yìí ní, nítorí létà kan ni gb, ṣùgbọ́n báìtì 20 ni. Láìsí àmì, báìtì 8 ni.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Unicode ka orúkọ náà sí ohun kíkọ 10. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá kọ 10 sí ipò iye báìtì, ẹni tí ń tú u yóò dúró sí «Ògbómọ», yóò sì ka àmì ohùn ìsàlẹ̀, CC 80, sí ìbẹ̀rẹ̀ ohun mìíràn. Nínú BER, 80 ní ipò yẹn túmọ̀ sí iye tí a kò sọ, LDAP sì kọ irú rẹ̀. Àsopọ̀ yóò já.

Orúkọ kan náà lè jẹ́ báìtì 22 bí a bá ya gbogbo àmì kúrò lára létà. Èyí kò ṣèdíwọ́, nítorí RFC 4518 ní kí a sọ méjèèjì di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Òfin ìbáramu caseIgnoreMatch kò tilẹ̀ ka létà ńlá àti kékeré sí, ṣùgbọ́n kò yọ àmì kúrò: ẹni tí a kọ ìlú rẹ̀ sí «Ogbomoso» kò ní jáde fún ẹni tí ó fi àmì wá a. Ojú-ìwé l gba ju iye kan lọ, nítorí náà a lè kọ ọ̀nà méjèèjì sí àkọsílẹ̀ kan náà, tàbí kí a béèrè fún méjèèjì pọ̀: (|(l=Ogbomoso)(l=Ògbómọ̀ṣọ́)).