Láti Etí Òkun Padà sí Òkè-Ògùn: Ọ̀nà tí Àjàyí Rìn

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, bí àlejò bá dé Àgbádárìgì lónìí, a ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, yóò sì fi ẹsẹ̀ rin iyanrìn títí dé etí òkun, bí àwọn ẹrú ti rìn ín. Ìrìn náà dára, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀nà nìkan ni. Òkè lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbéra.

Bí a bá ti Ìgànná, ìlú Sàbígànná, kọjú sí ìlà-oòrùn, a ó dé Ìṣẹ́yìn. Agbègbè Ìṣẹ́yìn yìí ni Òṣogùn wà, níbi tí wọ́n ti kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní ọdún 1821, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ní Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn, ó dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró. Òun ni a wá mọ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní 1843, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1845 ó dé Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ikú Ṣódẹkẹ́ dá a dúró níbẹ̀ di 1846 kí ó tó lè lọ sí Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìyá rẹ̀ wá bá a níbẹ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25.

Ẹ kíyè sí i: èdè Ọ̀yọ́ tí ọmọ yìí gbé lẹ́nu kúrò ní òkè wà lára ìpìlẹ̀ Yorùbá tí a ń kọ lónìí, òun náà ni ó sì darí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí ó parí ní 1884.

Ní ilẹ̀ Sípéènì, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ sí Santiago de Compostela lọ́dọọdún. Àwa náà ní ọ̀nà tiwa: Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta, Ìṣẹ́yìn, Òṣogùn. Ẹni tí ó rìn dé òkun ti dárò àwọn tí ó lọ. Ó kù kí a gbéra láti òkun, kí a rìn ín padà sí ilé wọn.