Ìjàǹbá hẹlikópítà: Báwo ni nọ́ọ̀tì kékeré kan ṣe lè gba ẹ̀mí ènìyàn?

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 2015, bàálù hẹlikópítà ilé-iṣẹ́ Bristow tí ó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀ láti ibùdó ìwapo lójú òkun já sínú ọ̀sà ní Oworonṣókí, nílùú Èkó. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà kú, mẹ́fà yè é.

Kí ni ìwádìí fi hàn?

Àjọ AIB, tí a mọ̀ sí NSIB lónìí, ṣàlàyé pé ọ̀pá irin kékeré kan ni ó yọ kúrò ní ààyè rẹ̀ lójú òfurufú. Ọ̀pá yìí ni ó ń gbé àṣẹ awakọ̀ lọ sí ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ tí ń darí abẹ́bẹ̀ orí hẹlikópítà náà. Láti ìgbà tí ó ti yọ, kò ṣeé darí mọ́. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ilé-iṣẹ́ Sikorsky tí ó ṣe é ní kí gbogbo àwọn tí ó ní irú hẹlikópítà náà, S-76, yẹ ọ̀pá yìí àti nọ́ọ̀tì tí ó dè é wò.

Kí ló dé tí ohun kékeré fi lè fa ewu ńlá?

Abẹ́bẹ̀ orí hẹlikópítà ni ó ń gbé e sókè, òun náà ni ó ń gbé e síwájú, tí ó sì ń yí i sọ́tùn-ún àti sósì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, awakọ̀ ṣì lè lo abẹ́bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí láti rọra balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ó ń darí abẹ́bẹ̀ bá tú, ọwọ́ awakọ̀ ti bọ́.

Ibo ni iṣẹ́ àtúnṣe ti wọ̀ ọ́?

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 2011, hẹlikópítà tí ó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ já nítòsí Las Vegas ní Amẹ́ríkà. Gbogbo àwọn 5 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Àjọ NTSB rí i pé nọ́ọ̀tì tí ó ti gbó ni wọ́n tún lò, àti pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú kò sí níbẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé wọn kò fi í síbẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó yẹ kí ó yẹ iṣẹ́ náà wò kò rí àṣìṣe yìí. Àjọ náà ní àárẹ̀ wà lára mẹkáníìkì àti ẹni tí ó ṣe àyẹ̀wò.

Ṣé àtúnṣe ni ó ń fa gbogbo rẹ̀?

Rárá o. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, hẹlikópítà ológun Ghana tí ó gbéra láti Accra lọ sí Obuasi já. Ènìyàn 8 ni ó kú, tí mínísítà ètò ààbò, Edward Omane Boamah, àti ti àyíká, Ibrahim Murtala Muhammed, wà lára wọn. Àwọn tí ó ṣèwádìí sọ pé afẹ́fẹ́ líle tí ó ń fẹ́ wá sílẹ̀ ni ó fà á.

Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí a fi àhesọ rọ́pò ìwádìí: ohun tí a ó ṣe sí nọ́ọ̀tì tí ó tú yàtọ̀ sí ohun tí a ó ṣe sí afẹ́fẹ́. Òfin àgbáyé là á kalẹ̀ pé ète irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni láti dènà ìjàǹbá mìíràn, kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.