Ìdí Iṣẹ́ Ẹni

Ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọ ẹni lọ́lẹ. Ohun tí òwe yìí ń wí kò ṣòro: a kì í fi ẹnu mọ òṣìṣẹ́, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ la ó ti rí i bóyá akíkanjú ni àbí ọ̀lẹ. Àwọn bàbá wa á fi í bá ọmọ tó ń sá fún oko wí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn tèmi ni pé, níbo gan-an ni ìdí iṣẹ́ onígbàgbọ́?

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì nílẹ̀ wa, ìdáhùn ti wà lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ Olúwa ni èyí tí à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì: orin kíkọ, gbígbá ilé ìsìn, ìwàásù ojú pópó, kíkọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Èyí tó kù, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni. Nọ́ọ̀sì tó fi gbogbo òru tọ́jú aláìsàn, tó wá pẹ́ dé ìsìn àárọ̀, òun la ó máa pè ní onígbàgbọ́ tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníhìnrere àgbáyé tó ń jẹ́ Lausanne ṣe ìpàdé ńlá wọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní ìlú Cape Town ní 2010, ìwé tí wọ́n sì gbé jáde níbẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé àṣìṣe ni bí ìjọ ṣe pín ìgbésí ayé sí ti Ọlọ́run àti ti ayé. Àwọn iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ bí ìgbàgbọ́ ṣe ń bá wọn dé ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù àti oko wà káàkiri Áfíríkà báyìí. Inú mi dùn sí iṣẹ́ wọn. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n fà yọ ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé: ìgbàgbọ́ tí a gbé lé orí iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìgbàgbọ́ tó wà nínú iṣẹ́.

Ẹ wo ayẹyẹ fìrídọ́ọ̀mù àwọn aránṣọ. Ọmọṣẹ́ tó ti sin ọ̀gá rẹ̀ parí kúnlẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ aránṣọ àdúgbò. Pásítọ̀ gba sísọ́ọ̀sì àti téèpù ìwọnṣọ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó ta òróró sí wọn, ó gbàdúrà kí oníbàárà má wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ọwọ́ ayé má bà á, kó fi iṣẹ́ náà kọ́lé, kó fi ra mọ́tò. Gbogbo èèyàn ṣe àmín, àmín náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni a ti gbọ́ pé wọ́n gbàdúrà kó máa dá ọjọ́ tó lè mú ṣẹ fún oníbàárà? Kó má gé nínú àǹkárá olówó pamọ́? Kó rán inú aṣọ, níbi tí ojú kì í dé, bó ṣe rán ìta rẹ̀? Bí òun náà bá gba ọmọṣẹ́ lọ́la, kó má sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹni tí yóò máa pọnmi, tí yóò máa fọ abọ́ nílé ọ̀gá, nígbà tó yẹ kó máa kọ́ bí a ṣe ń gé aṣọ? Àdúrà àkọ́kọ́ gbé ìgbàgbọ́ lé orí iṣẹ́, ó ń tọrọ ohun tí iṣẹ́ yóò mú wálé. Ti èkejì wọ inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ìjọ tó ń gba ìdá mẹ́wàá owó aránṣọ láìbéèrè bó ṣe rí owó náà ti fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ìwé Mímọ́ kò pín in bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tó ń wàásù nípa iṣẹ́ fẹ́ràn Besaleli, ẹni tí Ọlọ́run fi ẹ̀mí rẹ̀ kún láti fi wúrà, fàdákà, idẹ àti igi dárà sí àgọ́ ìpàdé, wọ́n a sì ní òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n sún mọ́ òótọ́. Kí a tó kan Besaleli ní orí 31 nínú Ẹ́kísódù, ẹ kọ́kọ́ ka orí 28: àwọn tí yóò rán aṣọ Aaroni ni Ọlọ́run sọ níbẹ̀ pé òun ti fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún. A kò tíì fi àlùfáà jẹ oyè rẹ̀ tí Ẹ̀mí fi bà lé aránṣọ. Ọ̀rọ̀ náà sì wọlẹ̀ débi ọrùn ẹ̀wù, pé kí wọ́n fi iṣẹ́ híhun gbá a létí yí ká kó má bàa fà ya. Ẹni tó bá ti rán aṣọ rí mọ ìdí: ibi ọrùn ni ẹ̀wù tí a ń gba orí wọ̀ ti ń kọ́kọ́ ya. Ọlọ́run tó ṣe òfin mẹ́wàá náà ló ń ronú nípa etí ọrùn aṣọ.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó onílé-iṣẹ́ ńláńlá ni ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ yìí, pé ẹnu àìpẹ́ yìí ni wọ́n kó o wọ Áfíríkà. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní nǹkan bí 1840 ni Thomas Fowell Buxton, tó ti jẹ́ aṣòfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń tẹ̀wé pé bí òwò ẹrú yóò bá tán nílẹ̀ Áfíríkà, iṣẹ́ oko àti òwò títọ́ gbọ́dọ̀ bá ìhìnrere rìn. Henry Venn, akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, ní London, gbé èrò yìí dé Abẹ́òkúta. Òun àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, fi ẹ̀rọ tó ń ya kóró kúrò lára òwú ránṣẹ́, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Sàró, ìran àwọn ẹrú tó gba òmìnira tó sì ti Sierra Leone padà wálé, bíi Henry Robbin ní iṣẹ́ òwú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, dí ọ̀nà òwú ti ọ̀hún, òwú Abẹ́òkúta gbówó lórí. Ogun parí, owó já wálẹ̀. Ní 1867 Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, rògbòdìyàn tí wọ́n fi fọ́ àwọn ilé ìsìn, àwọn òyìnbó ajíhìnrere sì kó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló ń fi ìtàn òwú yìí ṣe àpẹẹrẹ dáadáa. Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ orí iṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, nítorí ọjà Manchester ló ń pinnu ohun tí wọ́n ń gbìn àti ìgbà tí wọ́n ń gbìn ín.

Agége lèyí tó ta gbòǹgbò, àwọn èèyàn wa ló sì gbìn ín. James Davies, Sàró tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àti oníṣòwò ńlá ní Èkó, wọ gbèsè ní 1876. Ó gba oko lọ, nígbà tó sì di nǹkan bí 1880 ó ti ń gbin kòkó ní Ìjàn, lẹ́bàá Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker, wọ́dìn ìjọ St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó, tó dáko kòkó sí Ifákò. Ní 1901 Coker wà lára àwọn aṣáájú ọmọ ìjọ tó kúrò ní Breadfruit láti dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ìkóbìnrinjọ ló fà á. Ọ̀rọ̀ aya púpọ̀ wà nínú ìtàn àwọn ìjọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó tanná ran ìjà ti Breadfruit ni ọwọ́ tí Tugwell, bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tó ń ṣàkóso wọn, fi mú ọ̀rọ̀ pásítọ̀ wọn, James Johnson, lẹ́yìn tí wọ́n fi í jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900.

Ìjọ tí kò ní owó London lẹ́yìn gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò gbé e ró. Ní 1907 Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Lébìrà ń wá láti oríṣiríṣi ìlú Yorùbá wá gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ro abẹ́ kòkó, bí a ṣe ń là á, bí a ṣe ń kó èso tútù jọ, tí a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, tí a ó máa yí i padà fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó tó di sísá. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n gbé èso kòkó dání. Òpìtàn J. B. Webster, tó ṣèwádìí àwọn ìjọ Áfíríkà, fi hàn pé ìhìnrere àti kòkó jọ rin ọ̀nà kan náà wọ ọ̀pọ̀ ìlú. Ọ̀pọ̀ lónìí ń rò pé ìjọba ló fi kòkó sọ wá dọlọ́rọ̀. Àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń ra kòkó dé ní 1947, Ilé Kòkó n'Íbàdàn sì di 1965 kó tó dé. Ní 1920, kòkó tí Nàìjíríà ń kó ránṣẹ́ sí òkè òkun lọ́dún kan ti lé ní 15,000 tọ́ọ̀nù. Ní Ghana náà, Tetteh Quarshie tó mú èso kòkó bọ̀ láti erékùṣù Fernando Po ní 1879, alágbẹ̀dẹ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ajíhìnrere Basel ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí òwe, nítorí abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ló ti ṣe kedere jù. Kòkó tí a sá lọ́jọ́ kejì, láìjẹ́ kó pé lábẹ́ ewé, yóò gbẹ, yóò sì wúwo lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí kò bá là á wò lè má mọ̀. Ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì lókè òkun ni àléébù rẹ̀ yóò ti jáde, tí yóò korò tàbí kó má ta sánsán, ìyà rẹ̀ á sì padà wá jẹ gbogbo àgbẹ̀ agbègbè náà nígbà tí orúkọ kòkó wọn bá bàjẹ́ lọ́jà. Ọ̀lẹ àti akíkanjú, ibẹ̀ la ti ń mọ̀ wọ́n, pásítọ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ka jíjẹ́ tí Coker jẹ́ wọ́dìn sí. Ọmọ ìjọ ló jẹ́, kò wọ aṣọ àlùfáà, inú oko ló wà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Agége fúnra rẹ̀ kò pẹ́ nídìí kòkó; ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbà á tó ti Ìbàdàn, Ìlẹ́ṣà àti Oǹdó. Ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ló lọ jìnnà.

Àpẹẹrẹ tòde òní tó sún mọ́ ọn jù wà ní Sìmbábúwè. Brian Oldreive, àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun tó pa tábà gbígbìn tì nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣàkíyèsí pé ẹnikẹ́ni kì í túlẹ̀ igbó, síbẹ̀ igbó ń hù, ewé tó já sílẹ̀ ló ń bo ilẹ̀ rẹ̀. Ó dẹ́kun ilẹ̀ títú, ó ń gbẹ́ ihò, ó sì ń fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó ti ibẹ̀ jáde, tí wọ́n ń pè ní Foundations for Farming, ní ìlànà mẹ́rin: ṣe é lásìkò, ṣe é dáadáa, má fi nǹkan ṣòfò, ṣe é tayọ̀tayọ̀. Kò sí ohun tó dà bí ìwàásù nínú wọn, wọ́n sì wà nínú iṣẹ́ pátápátá. Ojú oko kan fún ìdílé jẹ́ mítà 39 sí 16, ó ní ọ̀wọ́ 52, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ihò 28. Ọ̀wọ́ kan ni oúnjẹ ìdílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀wọ́ 52 fún ọdún. Àwọn oníwàásù ọlà ń fi mọ́tò wọn ìbùkún. Níbí, àgbàdo tí ìdílé yóò jẹ títí ọdún yóò fi yí po ni òṣùwọ̀n àlàáfíà. Ní 2020 ìjọba ibẹ̀ gba ìlànà náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n pè é ní Pfumvudza.

Àwọn ará abúlé náà fún un lórúkọ tiwọn: dhiga ufe, gbẹ́lẹ̀ kí o kú. Ihò 1,456 ni wọ́n ní kí wọ́n fi okọ́ gbẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ kí òjò tó dé, ní ọ̀pọ̀ ilé obìnrin ló sì ń bẹ̀rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Mo gba ẹ̀sùn wọn gbọ́. Ìgbàgbọ́ tó bá fẹ́ wọ inú iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ igbe ẹ̀yìn tó ń dun òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ fi ayọ̀ ṣe òfin fún ẹni tí ó ti rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn iṣẹ́ ìránṣẹ́ wa ní Èkó, Nairobi àti Accra ti ń kàn mí lára. Ọ̀pọ̀ ìpàdé wọn ń wáyé nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, lọ́yà àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé sì ti ṣírò rẹ̀ ní 2018 pé nǹkan bí 86 nínú 100 òṣìṣẹ́ Áfíríkà ni kò sí lábẹ́ àkọsílẹ̀ tàbí ààbò òfin iṣẹ́ kankan: mẹkáníìkì, onídìrí, alágbàro, ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́. Ìwé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń darí ìpàdé ìgbìmọ̀ kò lè sọ fún mẹkáníìkì ohun tí yóò ṣe nígbà tí oníbàárà kò mọ̀ bóyá páàtì tuntun ló fi sí mọ́tò òun àbí tòkúnbọ̀. Kí ìjọ gbé ìwé lé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ wọn, tó sì bẹ̀rù Ọlọ́run lọ́wọ́, mẹkáníìkì kó kọ ti mẹkáníìkì, onídìrí kó kọ ti onídìrí, kí àwọn pásítọ̀ jókòó tì wọ́n láti kọ́ lára wọn kí wọ́n tó gun orí àga ìwàásù lọ sọ ọ́.