Ìtọ́jú Ọmọ Ajá Tuntun Lásìkò Òtútù

Ìtọ́jú ọmọ ajá tuntun lásìkò òtútù ni ìṣọ́ra tí ẹni tó ń sin ajá máa ń ṣe láti ọjọ́ tí ajá rẹ̀ bá ti bímọ títí àwọn ọmọ náà yóò fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Òtútù wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ebi ni. Nílẹ̀ Yorùbá, òru àti ìdájí ìgbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ló léwu jù.

Ìdí tí òtútù fi ń tètè mú wọn

Wọ́n ń bí ọmọ ajá pẹ̀lú ojú àti etí dídì ni. Ojú rẹ̀ kì í là títí di nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14. Ọ̀rá ara rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì tíì lè gbọ̀n kí ara rẹ̀ móoru. Ìgbóná ara àgbà ajá máa ń tó 38.3 sí 39.2°C, ṣùgbọ́n ti ọmọ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ 35 sí 37.2°C. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 34.4°C lọ, kì í lè fa ọmú mọ́, ìfun rẹ̀ á sì dẹ́kun iṣẹ́.

Ibùsùn wọn

Àpótí tó ga díẹ̀ kúrò ní sìmẹ́ǹtì, tí páálí àti aṣọ gbígbẹ wà nínú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ sí tààrà, ló dára. Kí wọ́n kan pákó tóóró mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ yíká, kí ìyá má baà tẹ ọmọ pa mọ́ ògiri àpótí. Kí wọ́n máa gbá àyíká rẹ̀ nítorí ìjàlọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó 29 sí 32°C. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ike omi gbígbóná tí wọ́n fi aṣọ wé, tàbí gílóòbù tó máa ń gbóná, lè ṣe iṣẹ́ náà. Apá kan àpótí ni kí ooru wà, kí ọmọ tí ooru bá mú lè wọ́ lọ sí apá kejì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àdògán èédú sínú yàrá tí a tì pa: afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ ń pa ajá, ó sì ń pa ènìyàn.

Àmì òtútù

Àwọn ọmọ tí ara tù máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí òtútù bá mú wọn, wọ́n á gun ara wọn lórí, wọ́n á máa ké. Tí ooru bá pọ̀ jù, wọ́n á fọ́n káàkiri. Èyí tó dá wà, tí ẹnu rẹ̀ tutù tí ara rẹ̀ sì rọ jọ̀wọ̀lọ̀, nílò ìrànlọ́wọ́ kíákíá.

Ooru ṣáájú wàrà

Àṣìṣe tó ń ba ni lọ́kàn jẹ́ jù ni kí a máa rọ wàrà sẹ́nu ọmọ tó ti tutù. Ìfun rẹ̀ kò lè lò ó, wàrà náà sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi í mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ, kí ara rẹ̀ móoru díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan sí mẹ́ta. Ooru òjijì léwu. Nígbà tó bá ń mira ni kí wọ́n gbé e sí ọmú. Wàrà ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì, torí òun ló ní èròjà tó ń gbógun ti àrùn. Ọmọ tó bá ń jẹ dáadáa máa ń wúwo sí i lójoojúmọ́. Èyí tí kò bá wúwo sí i, kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.