Bí fóònù alágbèéká ṣe di ti gbogbo ayé nílẹ̀ wa

Àwọn tó ń sọ ìtàn fóònù kì í fẹnu kò síbì kan lórí ọdún tó ṣe pàtàkì jù. Àwọn kan á ní ọdún 2007 ni, nígbà tí Steve Jobs gbé iPhone jáde. Kí ni ti Ìlàrè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, nínú ìyẹn? Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Láyé NITEL, ilé iṣẹ́ fóònù ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, ilé ọlọ́lá ni fóònù olówáyà ń wà.

Oṣù kìíní 2001 ni ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ìwé àṣẹ GSM, ti fóònù alágbèéká, sí gbàǹjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló wá kọ́kọ́ dé? Àwọn kan ní MTN ni, torí pé oṣù karùn-ún ni wọ́n ti pe ìpè àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ wọn. Ìdánwò nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni Econet ṣí ọjà fún ará ìlú, MTN sì tẹ̀ lé e kíá. Econet ni mo fún. (Ẹni tó bá ń wá a lónìí kó lọ bá Airtel; ó ti jẹ́ Vmobile, Celtel àti Zain rí.)

Ṣùgbọ́n owó ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. Bí èèyàn kò bá tiẹ̀ sọ ju "ẹ kú ilé" lọ, owó ìṣẹ́jú kan pé ló ń san. Ìdí nìyẹn tí fláàṣì fi gbòde: a ó jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, a ó gé e, kí olówó pè wá padà. Àwọn obìnrin tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn á tẹjú mọ́ aago. Bó bá ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á ṣẹ́jú sí oníbàárà pé kó gé e, kó má baà wọ ìṣẹ́jú kejì.

Oṣù kẹjọ 2003 ni Glo, ilé iṣẹ́ Mike Adenuga, dé, tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ padà ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ọdún 2003 ṣe pàtàkì ju 2001 lọ.

Ọdún 2007 ni wọ́n ta ìwé àṣẹ 3G, ti íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù. BlackBerry gba ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tecno láti Ṣáínà, olójú síìmù méjì, tó bá wa lára mu torí pé bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan bá lọ, èkejì lè wà.

Ìyókù kò pẹ́ rárá: WhatsApp, OPay, ẹ̀rọ ìsanwó píọ́ọ̀sì tó kún òpópónà nígbà tí owó náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ fóònù, gbà kí wọ́n fi tó ìdajì lé owó ìpè àti dátà.